Asọ̀rọ̀mágbèsì Kejì

Ẹ jẹ́ ká yáa sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi wá: a ò ní awò ojú olówó ńlá yẹn, kò sì sí lọ́kàn wa láti rà á. Ẹ má pè wá ní ará oko o. Kọ́ọ̀dù là ń kọ jẹun, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la sì kà ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá pàdé n'Ìbàdàn yìí, orin kan náà là ń gbọ́: “Ojú ni ọjọ́ iwájú wà. Ẹ ṣáà ní sùúrù. Awò yẹn máa tó di pọ́ọ́kú, gbogbo ayé á wọ̀ ọ́.” Àwa ò gbà. Àṣìṣe ńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ará ilé wa ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ohun tí à ń sọ kò le. XR ni wọ́n ń pè é: ìmọ̀ tó ń mú ohun tí kọ̀ǹpútà dá wá sáàrin ohun tó wà láyé gidi. O wo ilé kan, orúkọ ilé náà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. O wo ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́, ọfà yọ, ó ń tọ́ka sí nọ́ọ̀tì tí wàá kọ́kọ́ tú. Ìmọ̀ tó dáa ni, a ò bá a jà. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kó gbà wọlé là ń bá jà. Ta ló sọ pé ojú ni dandan? Tó bá sì wọlé tán, ta ni yóò máa sọ̀rọ̀, ta ni yóò kàn máa gbọ́?

Ẹ gbé awò yẹn lọ sí Ọjà'ba ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ká wo bó ṣe máa rí. Òógùn ń ṣàn lójú. Míkírà ń fun fèrè lẹ́yìn, ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, alábàárù ń ké “àgò o!” Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ń fi ọwọ́ kan bu kóńgò, ó ń fi èkejì gba owó, ó sì ń wo ojú oníbàárà kó lè mọ̀ bóyá ẹni yẹn máa dúró ná an tàbí ó máa kọjá lọ. Ojú yẹn gan-an ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣé òun lẹ fẹ́ bò? Ká tún rò ó síwájú. Tí o bá wọ awò dúdú, tí o fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá kan ní Bẹẹrẹ, o máa kọ́kọ́ yọ ọ́, kí wọ́n má bàa ní ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó wá ní kámẹ́rà ńkọ́, tí bàbá ò mọ̀ bóyá ò ń kí òun ni tàbí ò ń ya òun ní fídíò?

Ìtàn fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé orí èèyàn ò fẹ́ràn ẹrù yìí. Ní 1968, Ivan Sutherland àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ọ̀kan l'Amẹ́ríkà. Ó wúwo débi pé àjà ilé ni wọ́n so ó kọ́. Google Glass jáde ní 2013 ní 1,500 dọ́là. Ní 2015 wọ́n dáwọ́ títà á fún gbogbo èèyàn dúró, nígbà tó sì di 2023 wọ́n pa èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn iléeṣẹ́ náà tì. HoloLens ti Microsoft bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ní 2024 wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Ọdún 2024 yẹn náà ni Apple gbé Vision Pro jáde ní 3,499 dọ́là. Ó wúwo ju 600 gíráàmù lọ, bátìrì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ lẹ́nu wáyà, kì í sì í lò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí a bá fi dọ́là kan sí 1,500 náírà, owó yẹn lé ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn máa ṣiṣẹ́ oṣù 75, ìyẹn ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, kó tó lè ra ẹyọ kan.

A mọ èsì wọn: “Ṣebí báyìí náà ni fóònù ṣe wọ́n nígbà tí GSM dé ní 2001?” Òótọ́ ni, ó wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí àwọn èèyàn wa fi ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n sọ Yorùbá, ọmọ wọn tó wà l'Ábújá sì fi Yorùbá dá wọn lóhùn. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè lò ó. Fóònù ò ní kí ìyá elélùbọ́ yí padà kó tó sọ̀rọ̀. Etí ló gbà wọ Ọjà'ba, ọ̀rọ̀ pọ́ọ́kú ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e ni.

Àwọn tó ń ṣe é lókè òkun pàápàá ti ń wá ọ̀nà àbáyọ kúrò lójú. Iléeṣẹ́ Mojo Vision fẹ́ fi àwòrán sínú ẹyinjú gan-an. Ọ̀gá wọn fi í sójú ara rẹ̀ ní 2022, nígbà tó di 2023 owó ò tó, wọ́n dáwọ́ dúró. Meta ta awò tuntun ní 2025 pẹ̀lú ọ̀já kan tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, tó ń ka bí iṣan ṣe ń rìn, kí èèyàn lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó ń na ọwọ́ sókè bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ní Oakland, ní California, Bret Victor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ibì kan tí wọ́n ń pè ní Dynamicland: projector àti kámẹ́rà wà lókè àjà, bébà lásán wà lórí tábìlì, bébà yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tó yí tábìlì ká ló ń rí ohun kan náà, kò sì sẹ́ni tó wọ nǹkan kan sójú. Láti 1991 ni Mark Weiser ti kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà tó bá dàgbà tán máa wọnú ilé àti ìgbé ayé wa lọ, a ò sì ní rí i mọ́. Ó sì sọ ọ́ kedere pé gbígbé èèyàn sínú ayé àfọwọ́dá lòdì sí ohun tí òun ń wí.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, à bá ti máa jó. Etí, ọwọ́, ògiri, ilẹ̀: gbogbo wọn ló bá Ọjà'ba mu ju awò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ti Humane. Iléeṣẹ́ yìí ta ohun kékeré kan ní 2024 ní 699 dọ́là, wọ́n ń pè é ní AI Pin. Àyà aṣọ ni wọ́n ń há a mọ́, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kéèyàn lè kàwé níbẹ̀. Kò gbà ojú rárá. Ní oṣù Kejì 2025, HP ra ọ̀pọ̀ ohun ìní iléeṣẹ́ náà, wọ́n pa server rẹ̀ ní ìparí oṣù, gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti fi owó wọn rà sì di irin lásán ní àyà wọn. Wọ́n ṣì ní in lọ́wọ́, wọn ò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Nítorí náà, kíkúrò lójú nìkan ò tó. Tí ẹ̀rọ bá kúrò lójú, tó wá wọ ògiri ilé rẹ, tí ẹlòmíì sì di okùn rẹ̀ mú láti ọ̀nà jíjìn, ó sàn kó ṣì wà lójú, nítorí o lè yọ ti ojú.

Àwọn bàbá wa ti rí irú èyí rí, wọ́n tiẹ̀ fún un lórúkọ. Ní 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédíò oníwáyà l'Ékòó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kan wà nínú ilé, wáyà so ó mọ́ iléeṣẹ́, èèyàn ń sanwó fún un. Ohun tí wọ́n bá rán sórí wáyà lo máa gbọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá. O lè mú ohùn rẹ̀ lọ sókè tàbí sílẹ̀, kò jùyẹn lọ. Yorùbá wo nǹkan yìí, wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àwọn kan rò pé oríkì ni. Ẹ tún orúkọ yẹn gbọ́ dáadáa: ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí kì í gba èsì. Láàrin èèyàn, ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tàbí aláfojúdi ni.

Ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹ gan-an. Ní 1953, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin Action Group fi ìbínú jáde nílé aṣòfin l'Ékòó lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, Gómìnà Macpherson gba orí rédíò lọ, ó sọ̀rọ̀ sí wọn. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kóun fèsì. Wọn ò fún un. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959. Ẹ sì mọ ibi tí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ́n àwòrán rẹ̀ káàkiri sí? Òkè Màpó. Òkè kan náà tí gbọ̀ngàn amúnisìn ti dúró láti 1929, tó ń wo gbogbo páànù tó ti dógùn-ún nísàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu lọ kọ́ ẹnu tirẹ̀ sórí òkè.

Ohun tí ìtàn yẹn kọ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o dúró de ẹ̀rọ òun, ipò ẹni tí kì í fèsì ló ń fi ọ́ sí. Ká má sì tan ara wa: lójú ìyá elélùbọ́, WNTV náà ò gba èsì. Awólọ́wọ̀ rí èsì fọ̀, ìyá ò rí. Iṣẹ́ tó kù nìyẹn, ọwọ́ ìran tiwa ló já sí.

Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, a gbé ohun kan tí àwa fúnra wa ṣe lọ sí Ọjà'ba. Kò ní awò, kò ní ojú fóònù tí wàá máa tẹ̀. Kó o sọ̀rọ̀, kó gbọ́, kó bá ọ ṣàkọsílẹ̀ ọjà. A rò pé a gbọ́n. Ìyá kan gbà ká dán an wò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n sọ fún un pé, “Ọkọ̀ mi ò tíì dé láti Ṣakí.” Ẹrù èlùbọ́ ni wọ́n ń retí. Ẹ̀rọ wa kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ wọn ò tíì dé.

“Kí ló wí?” Ìyá bi wá. A kà á fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ọkọ tèmi ti wà nílẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi sọ fún un kó má jí i o.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì wá. Kò tiẹ̀ tán síbẹ̀. Wọ́n ní “èlùbọ́ isu,” bí ọmọ Ìbàdàn tòótọ́ ṣe ń pè é, tó ń fi s pe ṣ. Ẹ̀rọ ò mọ ohun tó jọ ọ́. Ìyá ní, “Tó bá ti gbọ́ Yorùbá tán, ẹ gbé e padà wá.”

Kí ló fà á? Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ Whisper tí OpenAI gbé jáde ní 2022 kọ́ iṣẹ́ láti ara ohùn tó tó wákàtí 680,000, Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan gbé ÌròyìnSpeech jáde, iṣẹ́ àṣekára tí àwọn olùfifúnni 80 fi ohùn wọn ṣe. Nǹkan bíi wákàtí 42 ni. A dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àti ìwé ìtàn ni wọ́n kà síbẹ̀, kì í ṣe ariwo ọjà, kì í ṣe “isu.” Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní àmì ohùn, tí igbá, igba àti ìgbà fi ń jọra wọn bí ìbejì. Ẹ̀rọ tó bá jẹ irú oúnjẹ yẹn dàgbà, àfi kó máa jí òkú.

Ẹ wo dùndún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dùndún ò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ló mú dání, síbẹ̀ ó ń ki èèyàn, ẹni tó gbọ́ ọ ń náwó. Awọ àti igi mú ohùn, ó ju lẹ́tà dànù. Kọ̀ǹpútà wa mú lẹ́tà, ó ju ohùn dànù. Nínú àwọn méjèèjì, èwo lẹ rò pé ó mọ Yorùbá?

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Àwa náà jẹ̀bi. Àwa la kọ fọ́ọ̀mù tó ń sọ fún Ṣẹ́gun pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní “àmì tí a kò gbà.” Àwa là ń bá ara wa sọ Yorùbá lẹ́nu, tí gbogbo app tí a bá ṣe sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. A lo ọdún púpọ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé erin aláwọ̀ búlúù sí àárín pálọ̀ ẹni tí kò bẹ̀ wá níṣẹ́. A ò lo oṣù kan láti fi etí sí ìyá elélùbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Láti Bẹẹrẹ dé Béyerúnká, agbo ilé ni àdírẹ́sì. Nọ́ńbà tí ìjọba kọ sára ògiri wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ńbà yẹn bi ọlọ́kadà wò, ẹ máa rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Orúkọ agbo ilé ni wọ́n ń júwe, oríkì rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ìyá ilé, sàréè àwọn bàbá ńlá wà nínú ọgbà, àwọn mìíràn wà nínú yàrá tí èèyàn ń sùn. Bí XR bá dé tán, ẹnì kan máa kọ nǹkan sára gbogbo ibi wọ̀nyí. Ta ni? Ní 2016, Niantic, iléeṣẹ́ kan ní California, gbé eré Pokémon Go jáde, wọ́n tẹ́ eré lé ilẹ̀ àwọn ẹlòmíì káàkiri ayé. Ilé ìrántí Holocaust ní Washington, níbi tí wọ́n ti ń ṣèrántí àwọn Júù tí Hitler pa, ní láti máa bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n yé wá lé ẹ̀dá inú fóònù kiri níbẹ̀. Tí Washington bá ń bẹ̀bẹ̀, ta ni Mọ́gàjí agbo ilé kan ní Béyerúnká máa kọ lẹ́tà sí tí wọ́n bá gbé ìpolówó bíà sórí sàréè bàbá wọn?

Ìdí nìyí tí a fi kọ̀ láti dúró. Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ara wa, àti lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ò ju mẹ́rin lọ.

Èkíní, ẹ kọ́ fún etí kí ẹ tó kọ́ fún ojú. Fóònù àti earpiece tó wà lọ́wọ́ aráàlú ti tó. Tó bá jẹ́ àwòrán ni dandan, ẹ tàn án sára ògiri kí gbogbo agbo ilé jọ rí i, bí a ṣe máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ẹnì kan ṣoṣo ládùúgbò.

Èkejì, ẹ lọ gba ohùn lọ́jà, pẹ̀lú ariwo rẹ̀, pẹ̀lú “isu” rẹ̀, kí ẹ sì sanwó fún ẹni tó ni ohùn. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ní òun máa fi í sí i lẹ́yìn, kò ní fi í sí i láéláé.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe ohun tó lè ṣiṣẹ́ láìsí server ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kékeré ti wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù lásán láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí dátà sì wọ́n, ohun tó bá gbójú lé Amẹ́ríkà kó tó dáhùn ti kú kó tó dé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gba ìyọ̀ǹda. Kí ẹnikẹ́ni má so ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán mọ́ agbo ilé kan láìjẹ́ pé Mọ́gàjí àti àwọn ará ilé fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lè pa á rẹ́ fúnra wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé kì í gbé ọwọ́ àlejò.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ kan tó dàgbà s'Ékòó dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé bàbá rẹ̀. Nínú earpiece, ìyá àgbà ilé yẹn fúnra wọn ń kì í. Ọmọ náà ní, “Ìyá, kí nìtumọ̀ èyí?” ẹ̀rọ gbọ́ ọ, ó gbé ìbéèrè náà pa mọ́, ìyá gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́, wọ́n sì dáhùn. Kò sí erin aláwọ̀ búlúù níbẹ̀. Ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹnì kejì fèsì.

Àwa ń padà lọ sí Ọjà'ba. A ti ń gba ohùn sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kóńgò kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyá ti ní ká gbé e wá tó bá ti gbọ́ Yorùbá tán. Tí a bá dé ọ̀hún tó tún pe ọkọ̀ wọn ní ọkọ, ká má dá ẹnikẹ́ni ní California lẹ́bi. Àwa la gbé e wá.